Ọlọ́run Oúnjẹ Òòjọ́: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Láti Ìbàdàn

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, mo kí yín ní orúkọ Jésù. Ẹnu mi kò gbọpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbọdọ̀ dákẹ́, kí òkúta má baà kígbe dípò mi. Mo wá dúpẹ́ lórí ọkọ mi tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá wó, tí Ọlọ́run sì gbé dìde. Mo tún wá dúpẹ́ lórí oúnjẹ, nítorí ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sí alẹ́ tí àwọn ọmọ mi febi sùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá mi yọ̀, ti ọkọ mi nìkan ni wọ́n ń mẹ́nu bà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti oúnjẹ náà.

Èlùbọ́ ni mò ń tà lọ́jà Bódìjà. Dírẹ́bà ni bàbá àwọn ọmọ mi, Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ló ń ná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó fẹ́ jáde lọ sí gáréèjì, ó ní kí n bá òun mú bàtà, ọ̀rọ̀ náà sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gbójú sókè wò ó, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí n tó ké sí àwọn ará ilé tán, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbéra mọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń fi máíkírà ṣiṣẹ́ ládùúgbò wa ló gbé wa dé ọsibítù, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á máa bá a ṣọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́ láìjẹ́ kó mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tọ́jú aláìsàn rí, ẹ mọ bí owó ṣe ń lọ. Ẹ ó ya fọ́tò orí, ẹ ó san owó ẹ̀jẹ̀, ẹ ó ra oògùn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á tún mọ́, wọ́n á tún kọ òmíràn síwèé. Owó tí mo fi ń kó ọjà láti Ṣakí ló kọ́kọ́ lọ. Àjọ tí mo dá sọ́wọ́ alájọ tẹ̀lé e. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Owó ilé ń bọ̀, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ń bọ̀, ọkọ tí à bá jọ gbé e sì ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà ni wọ́n ń gbà nímú rẹ̀ fún un lóúnjẹ.

Wọn kì í jẹ́ kí àwa olùtọ́jú sùn nínú wọ́ọ̀dù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń tẹ́ ẹní sí, àwa obìnrin láti Ọ̀jà'ba, láti Mọ́níyà, láti Òmì-Adió, tí a kò mọ ara wa rí. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbàdúrà lóru. Ẹsẹ̀ ọkọ mi àti owó ni mo kọ́kọ́ ń tọrọ, ohun tó sì tọ́ kí aya tọrọ nìyẹn. Àmọ́ bí òru ṣe ń gorí òru, tí mò ń ka Orin Dáfídì pẹ̀lú iná fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé mò ń retí kí ilẹ̀ ṣú. Mò ń retí kí ariwo ọsibítù rọlẹ̀ kí n lè wà lọ́dọ̀ Baba mi. Nígbà míì, mi ò tọrọ ohunkóhun. Mo kàn jókòó níwájú rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tíì dé, ṣùgbọ́n Ẹni tí mò ń bẹ̀ wà níbẹ̀. Jákọ́bù orí 4 sọ pé ká súnmọ́ Ọlọ́run, òun náà á sì súnmọ́ wa. Mo jẹ́rìí sí i lónìí pé òótọ́ ni. Kí owó tó dé, Olówó ti dé.

Báwo wá ni a ṣe ń jẹun? Ìyá tó ń kó èlùbọ́ wá fún mi láti Ṣakí gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó já àpò èlùbọ́ sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi, ó ní, "Tà á ná. Tó o bá tà á, wàá fún mi." Ta ló máa tà á nígbà tí mo wà ní ọsibítù? Alhaja tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Á ta tirẹ̀, á ta tèmi, ní ìrọ̀lẹ́ á fi owó tèmi sínú ọ̀rá dúdú ọ̀tọ̀, á so ó pinpin, á gbé e fún ọmọ mi kó bá mi mú un wá. Ẹ gbọ́ o, àwọn kan bi mí pé ṣé Mùsùlùmí ni Ọlọ́run rán sí mi. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló rán sí mi! Nígbà ọ̀dá, ọ̀pọ̀ opó ló wà ní Ísírẹ́lì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ opó àjèjì kan ní Sáréfátì ní ilẹ̀ Sídónì ni Ọlọ́run rán Èlíjà lọ kó lè rí oúnjẹ jẹ. Jésù fúnra rẹ̀ tún un sọ nínú Lúùkù orí 4. Alhaja, bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ mi, ilé yín kò ní tú láéláé.

Owó inú ọ̀rá yẹn kì í pọ̀. Oúnjẹ ọjọ́ kan, oògùn ọjọ́ kan, nígbà míì kò tó oògùn, àwọn ìyá inú ìjọ á sì dé pẹ̀lú ìyókù láìjẹ́ pé mo pè wọ́n. Mo máa ń wò ó pé bí Olúwa bá ti lè ṣe díẹ̀, ṣé kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni? Nígbà náà ni mo tún Ẹ́kísódù orí 16 kà, níbi tí Ọlọ́run ti ń fi mánà, oúnjẹ láti ọ̀run, bọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní aginjù. Òṣùwọ̀n ómérì kan fún ẹnì kan ni, lójoojúmọ́. Ẹni tó kó púpọ̀ kò ní àṣẹ́kù, ẹni tó kó díẹ̀ kò ṣaláìní, ẹni tó sì fi tirẹ̀ pamọ́ di ọjọ́ kejì, ó yọ ìdin, ó ń rùn. Èmi tí mò ń fi kóńgò wọn èlùbọ́ látàárọ̀ mọ ìwọ̀n, mo sì mọ ohun tí kòkòrò ń ṣe fún ọjà tó bá pẹ́ nílẹ̀. Opó Sáréfátì pàápàá, Bíbélì ní ìkòkò ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ṣòfò, kólòbó òróró rẹ̀ kò sì gbẹ. Kò sọ fún wa pé ìkòkò náà kún. Ní àràárọ̀, yóò tẹ̀ wò, yóò bá ti òní níbẹ̀. Mo gbà pé bí Ọlọ́run bá kó ti ọdún kan fún mi lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní máa wá a ní òròòwúrọ̀ bí mo ṣe ń wá a.

Nínú ìjọ, a máa ń pàtẹ́wọ́ gan-an fún ẹni tó jẹ́rìí mọ́tò. Ó dára, kí Olúwa fún wa. Ẹ jẹ́ ká máa pàtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jẹ́rìí kóńgò gààrí kan.

Ọmọ Kúdẹtì ni ìyá tó bí ìyá mi, ìtàn àwọn tó mú ìhìnrere wá kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ní 1853 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, owó ẹyọ kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Wọ́n ń kó ẹrù inú ilé wọn tà kí àwọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lè rí nǹkan jẹ. Ọdún gun orí ọdún bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run kò jẹ́ kí ebi pa wọ́n. Ọjọ́ tí mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ìtàn yẹn ni mo rántí, omi sì gbẹ lójú mi. Ìlú kan náà ni, Ọlọ́run kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ mi ṣe sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lè kọ́kọ́ rántí orin tàbí àdúrà tó ti mọ̀ láti kékeré, kó tó lè sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń ka Àdúrà Olúwa sókè sí i létí. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì tẹ̀lé mi. Ó di ọjọ́ kan, mo dé ibi "kí ìjọba rẹ dé", mo gbọ́ "dé". Mo dúró. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó tún wí i, "dé", ohùn rẹ̀ ha, ó sì nípọn. Aṣọ náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ló kọ́kọ́ bú sí orin ọpẹ́, èmi ò lè kọrin, ẹkún ni mò ń sun.

Ní báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò tíì lè wakọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń jókòó sí ìsọ̀ mi ní Bódìjà, ọwọ́ òsì ló fi ń bá mi wọn èlùbọ́, àwọn oníbàárà sì ní kóńgò tirẹ̀ ń kún ju tèmi lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ fún un, ojoojúmọ́ ló ń lò ó, nítorí Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà ló fún dókítà ní ọgbọ́n. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà níhìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Gbèsè kù nílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó san èyí tó ti lọ wà láàyè.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá onílé wa tó ní sùúrù, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa gbààwẹ̀. Ọkọ obìnrin tó bá mi kọrin yẹn ṣì wà ní wọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó jókòó, ẹ bá mi gbé e lé Olúwa lọ́wọ́, kí Ọlọ́run ṣe tirẹ̀ bó ṣe ṣe tèmi, kí oúnjẹ tòní má sì wọ́n ọn. Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Halelúyà!