Ẹnu Ara Mi Ni Mo Fi Pa Ọjà Mi

Páálí ìwé kan wà lábẹ́ tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù, ní Kabba níbí, níbi tí mo ti ń ta ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti bírò. Okùn tí atẹ̀wé fi dì í wá láti Ìlọrin ni mo ṣì fi ń dì í. Ìwé mẹ́tàdínlógójì ló kù nínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo sì jẹ́ kó kùtà.

Eré orí tábìlì ni. Ẹni mẹ́rin márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á máa darí ìtàn, àwọn yòókù á mú ẹni inú ìtàn kọ̀ọ̀kan: ọdẹ, ahunṣọ, oníṣègùn. Bí ọdẹ bá ní òun fẹ́ fo odò, a ó da dáìsì, ohun tó bá sọ la ó gbà. Dungeons & Dragons tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974 ni bàbá gbogbo wọn. Kọ́pà kan tó sìn níbí ló kọ́ wa. Nígbà tó yá, mo ní kí ló dé tó jẹ́ dírágónì òyìnbó la ó máa pa ṣáá, nígbà tí aṣọ ìpò pupa àwọn ará Bùnú nìkan tó ìtàn ogún alẹ́? Bí mo ṣe kọ tèmi nìyẹn.

Mo tẹ 150, mo ń tà á ní ₦4,000. Láàárín oṣù márùn-ún, 111 ti lọ: akẹ́kọ̀ọ́, kọ́pà, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, mo tilẹ̀ fi díẹ̀ rán dírẹ́bà sí Ìsánlú àti Lọ́kọ́jà. Ìgbà yẹn gan-an lẹnu wá ń yún mi. Mo ti ń tún ìwé náà kọ, àwòrán rẹ̀ á dára sí i, ìjà inú rẹ̀ kò ní í gùn mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé e sórí WhatsApp status mi: "Ẹ̀dà kejì ń bọ̀ lọ́nà! Ẹ máa retí." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìkíni ti kún fóònù mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọbìnrin kan wọlé.

"Okun o, bọ̀dá." Ó mú ìwé náà, ó ṣí i wò, ó ti ka owó sọ́wọ́ tán. "Ṣé tuntun tí ẹ gbé sórí status nìyí?"

"Rárá o, ti àkọ́kọ́ ni. Tuntun ṣì ń bọ̀."

"Háà. Ẹ jẹ́ n kúkú dúró dè é."

Ó rọra fi ìwé náà sílẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀ mí, ó ra bírò kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́rìnlá ni tuntun gbà kó tó jáde. Ní gbogbo ìgbà yẹn, méjì péré ni mo tà nínú ti àtijọ́, ìdajì owó ni mo sì gbà.

Ìwé náà kò kúkú bàjẹ́. Eré tó dùn láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ status ṣì dùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra irú ìwé yìí kò ra bébà nìkan, àwọn tí yóò bá a ṣeré ló ń rà. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá kó lọ sórí tuntun, ta ni yóò bá a ṣe ti àtijọ́? Ìwé ìtàn, èèyàn lè dá kà á lórí bẹ́ẹ̀dì. Eléyìí kò ṣe é dá ṣe.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, orúkọ ilé-iṣẹ́ Osborne ni wọ́n fi ń pè é. Kọ̀ǹpútà àgbérìn tí wọ́n gbé jáde ní 1981 tà wàràwàrà. Ní 1983 wọ́n ń sọ̀rọ̀ èyí tó ń bọ̀ kó tó délẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù dá ríra ti àtijọ́ dúró, kí oṣù kẹsàn-án tó parí ilé-iṣẹ́ náà ti wó. Àwọn kan ní kì í ṣe ìyẹn nìkan ló pa á, pé ẹlòmíràn ti ń ta èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ti rí tèmi.

Ẹ wo Dungeons & Dragons náà. Wọ́n kéde ẹ̀dà kẹta ní oṣù kẹjọ 1999, ó di oṣù kẹjọ 2000 kó tó jáde. Wọ́n kéde ẹ̀kẹrin ní oṣù kẹjọ 2007, ó dé ní oṣù kẹfà 2008. Ẹ̀karùn-ún ni mo rí ọgbọ́n kọ́ nínú rẹ̀: oṣù kìn-ín-ní 2012 ni wọ́n kéde, 2014 ni ìwé jáde. Ó pẹ́ ju ti tèmi lọ, àbí? Ṣùgbọ́n wọn ò kàn ní kí èèyàn jókòó máa retí. Wọ́n gbé òfin eré tuntun náà síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí èèyàn máa dán an wò, wọ́n sì tún àwọn ìwé àtijọ́ tẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi pamọ́. Wọ́n ta àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí àtijọ́. Nígbà tó kan ti 2024, tí wọ́n kéde ní 2022, wọ́n tètè sọ ọ́ pé ìwé ìtàn eré tí èèyàn ti ní nílé yóò ṣì bá a lọ.

Ìyẹn ò ní kí a panu mọ́ títí dọjọ́ àjíǹde o. Ní 2003 ẹ̀dà 3.5 dé, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ìwé tí àwọn ilé-ìtẹ̀wé mìíràn ti ṣe kó bá ẹ̀kẹta rìn sì kùtà sọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Mo mọ bó ṣe ń dunni. Ilé-ìtẹ̀wé kan jẹ́ kí n kó ogún ìwé ìṣirò wọlé ní oṣù kẹjọ, wọn ò sọ fún mi pé tuntun ti wà lórí ẹ̀rọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe wọlé, tíṣà ní tuntun lòun ń bèèrè. Wọn ò gba ogún náà padà títí dòní.

Láti ìgbà náà mo ti kọ eré kékeré kan mìíràn, mo sì ti tún un tẹ̀. Mi ò la ẹnu títí owó atẹ̀wé fi pé, tí ẹ̀dà ìdánwò tí atẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ̀ nínú tuntun sì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù nígbà yẹn kí tuntun tó jáde, àtijọ́ tó wà nílẹ̀ kò sì ju mẹ́wàá lọ, torí ọgọ́ta ni mo ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí, bí atẹ̀wé tilẹ̀ ń gbówó lé e. Ẹni tó bá ra àtijọ́ láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kó mú un wá, kó fi ₦1,000 lé e, kó gba tuntun. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo sì kọ ọ́ sí ojú ìwé kìn-ín-ní pé gbogbo ìtàn tí ẹ ti ní nílé yóò ṣiṣẹ́ nínú tuntun. Kí èyí tó jẹ́ òótọ́, oṣù méjì gbáko ni mo fi dá àwọn òfin kan tí mo ti yọ padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan bi mí bóyá ẹ̀dà kẹta ń bọ̀. Mo ní, "Bírò mélòó lo fẹ́?"