Ẹ yé pariwo èsì VDRL létí aláboyún

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ agbẹ̀bí, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí ohun tí mo gbọ́ ní antenatal lọ́jọ́sí ṣì ń bí mi nínú. Ọ̀kan nínú yín dúró lẹ́nu ọ̀nà láàbù, ó na pépà sókè, "Màdáámú, VDRL yín pọ́sítíìfù o, ẹ lọ pe ọkọ yín wá." Gbogbo bẹ́ńṣì ló yíjú wò ó. VDRL yẹn ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wádìí syphilis, àrùn tí wọ́n ń kó níbi ìbálòpọ̀.

Àkọ́kọ́, VDRL kì í wá kòkòrò syphilis fúnra ẹ̀. Sójà ara tó ń gbógun ti ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní cardiolipin wà lára ohun tó ń wá, obìnrin tó sì ní antiphospholipid syndrome, tí sójà ara ẹ̀ ń bá òun fúnra ẹ̀ jà, tẹ́jẹ̀ ẹ̀ ń dì níbi tí ò yẹ kó dì, lè ní irú ẹ̀ láì kó àrùn kankan. TPHA, àyẹ̀wò tó ń wá sójà ara tó ń gbógun ti kòkòrò syphilis gan-an, ló ń tú àṣírí.

Mo mọ̀ pé ẹ ti kà á ní sùkúù. Àwọn tó ba obìnrin kan jẹ́ níṣojú mi náà kà á. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára ẹ̀, ìkẹta wọ oṣù márùn-ún kó tó forúkọ sílẹ̀, VDRL pọ́sítíìfù, wọ́n gún un ní penicillin, wọ́n ránṣẹ́ sọ́kọ. (Penicillin yẹn ò burú o, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sọ́kọ létí ni.) Èmi ni mo ní ká ṣe TPHA, ọ̀gá wa bi mí pé ìgbà wo ni mo di dókítà. Èsì ọkọ jáde, nẹ́gẹ́tíìfù, ni ìyá ọkọ bá ń bi í láàárọ̀ lálẹ́ pé ta ló kó o fún ẹ, títí wọ́n fi kó ẹrù ẹ̀ síta. Nígbà tó máa fi tó oṣù méje, ọmọ ò mira mọ́. Ọwọ́ mi ló bí i sí. Ibi-ọmọ yẹn kéré, ó le gbagidi, funfun funfun káàkiri, ẹ̀jẹ̀ tó dì ti dí ọ̀nà oúnjẹ ọmọ. Kò pẹ́ sígbà náà ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ wú, ó gbóná, wọ́n gbé e lọ sí teaching, ibẹ̀ ni wọ́n ti yẹ lupus anticoagulant àti anticardiolipin wò, àwọn sójà ara tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì yẹn, wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, méjèèjì ṣì pọ́sítíìfù, antiphospholipid syndrome yẹn ló ní. TPHA ńkọ́? Nẹ́gẹ́tíìfù.

Oyún tó tẹ̀ lé e, aspirin kékeré àti abẹ́rẹ́ heparin tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, tó ń gún ara ẹ̀ níkùn lójoojúmọ́, ọmọ wá láàyè. Ilé ọkọ mìíràn ni o. Ọ̀gá yẹn ti fẹ̀yìn tì, wọ́n há aṣọ ẹbí, mi ò rà.

Èwo ni ìkejì gan-an? Ẹ bi aláboyún pé oyún mélòó ló ti lọ, oṣù kélòó ni, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú rí. Ìkẹta, kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó sọ èsì fún un.