Kàlẹ́ńdà Ọjọ́ Ìbí Mi Ló Ń Ṣí Fóònù Mi

Ẹni tó bá ti ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún rí ní Ìbàdàn á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ó wé gèlè, ẹ ó ya fọ́tò, àwọn ọmọ á wá tẹ ojú yín sára kàlẹ́ńdà, sára abọ́ oníke, sára ìwé ìkọ̀wé. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú mi ṣì wà lára ògiri àwọn èèyàn tí mi ò mọ orúkọ wọn. Ọ̀kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, lókè tábìlì tí a ti ń lọ aṣọ. Òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù tó bá ti iléèwé dé. Géèmù ló máa ń wá. Mi ò kì í fún un ní fóònù mi, torí fóònù yẹn ni ọjà mi: ìwọ̀n àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, sítáì wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pé ojú mi nìkan ló lè ṣí i. Ṣé ọmọdé lè yọ ojú mi lọ ni?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wà níta, mò ń ná òwú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Bí mo ṣe wọlé ni mo bá a lórí àpótí, ó na fóònù mi sókè sí kàlẹ́ńdà náà. Ó rọra sún un mọ́ bébà, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kúrò níbi tí iná ti ń dán lára bébà. Ni àgádágodo kékeré ojú fóònù bá ṣí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ géèmù ẹ̀. Kò sí ìyàlẹ́nu kankan lójú ẹ̀. Iṣẹ́ tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

Ó wò mí, ó wo ògiri. "Mọ́mì Àgbà, ẹ̀yin náà ṣá lẹ wà níbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, léèsì ìyàwó kan tí mò ń rán lọ́wọ́ ṣàdédé hàn lórí status WhatsApp mi, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá sí ìgbéyàwó. Ìyá ìyàwó pè mí ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mo búra fún un pé mi ò fọwọ́ kàn án. Kò gbà. Ó kó aṣọ ẹbí tó kù lọ fún télọ̀ mìíràn, èmi náà sì gbà pé fóònù mi ló ya wèrè. Kò ya wèrè. Ẹnì kan ló ń wá géèmù kiri nínú ẹ̀.

Mo gbé fóònù náà lọ bá ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Mà, tẹ́ ẹ bá ń ṣí áàpù báńkì yín, ṣé ojú ló ń béèrè?" Mo ní rárá, ìka ló máa ń béèrè, pé ó tiẹ̀ ti ń bí mi nínú. Ó ní, "Fóònù yín ti ń sọ̀rọ̀ látijọ́ nìyẹn, ẹ ò gbọ́."

Àlàyé ẹ̀ rèé, mo sì ti lọ kà á fúnra mi lẹ́yìn náà. Google pín ọ̀nà tí fóònù Android fi ń dá èèyàn mọ̀ sí ipele mẹ́ta. Wọ́n á fi fọ́tò, ìbòjú àti oríṣiríṣi ẹ̀tàn dán an wò. Tí ẹ̀tàn tó wọlé nínú ọgọ́rùn-ún kò bá ju 7 lọ, ó wà ní ipele kẹta, èyí tó le jù. Tó bá ti ju 20 lọ, ipele kìíní ni, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe nítorí ìrọ̀rùn lásán. Android kì í jẹ́ kí áàpù báńkì lo ti ipele kìíní. Nítorí náà, tí fóònù yín bá ní ìka, tó ní ojú, tí báńkì sì ń gba ìka ṣùgbọ́n tí kò fi ojú lọ̀ yín rárá, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé ojú yẹn ò lágbára. Èmi ti bínú sí báńkì fún ọdún kan gbáko lórí ohun tó ń gbà mí sílẹ̀.

Kí ló fà á? Kámẹ́rà lásán ni fóònù mi ń lò, èyí tí a fi ń ya ara wa ní fọ́tò. Àwòrán ló ń wò, àwòrán náà ni ọmọ yẹn sì fún un. Nígbà tí Android kọ́kọ́ gbé ìṣíṣí pẹ̀lú ojú dé lọ́dún 2011, fọ́tò ni àwọn èèyàn fi tàn án jẹ, ọ̀pọ̀ fóònù ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà ní Netherlands dán fóònù 110 wò; fọ́tò ṣí 42 nínú wọn. Ní 2023, Which?, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà ní Ìlú Ọba, dán 48 wò. Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ṣí 19. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti ọmọ àbúrò mi ni pé òun ò kọ ìròyìn.

iPhone tó ní Face ID, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí iPhone X ní 2017, ò ṣe báyẹn. Yóò da ààmì tín-tìn-tín tó lé ní 30,000 sójú yín pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn ò lè rí, yóò sì fi wọ́n wo ibi tó yọ síta àti ibi tó jin sínú. Lára kàlẹ́ńdà, imú mi àti etí mi wà lórí ìlà kan náà; bébà ò ní imú. Ìdí nìyẹn tó fi tún ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, tí NEPA bá ti mú iná lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó fóònù nìkan díwọ̀n. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni Pixel 8 tó jáde ní 2023 ń lò, síbẹ̀ Google ní ó dé ipele kẹta, bẹ́ẹ̀ ni àwọn fóònù olówó iyebíye kan wà tí fọ́tò á ṣí.

Ẹ dán tiyín wò lónìí. Ẹ mú fọ́tò yín tó mọ́ dáadáa, èyí tó tóbi bí ojú gan-an, ẹ gbé fóònù síwájú ẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ tún gbé e síwájú fọ́tò tó wà lórí fóònù ẹlòmíì. Ẹ má dán an wò lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ ní ó ti yege. Ọmọ yẹn yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún kó tó ṣí. Tó bá ṣí, ẹ pa ojú rẹ́ nínú Settings, kẹ́ ẹ máa lo ìka.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo fi ojú mi sí i, fóònù kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó jọ mí tàbí ohun tó jọ mí lè ṣí i. Mo tẹ OK. Ta ló ń kà á?

Àbúrò mi, ìyá ọmọ náà, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ torí iPhone lòun ń lò. Apple ní tí ẹni tí a ò mọ̀ rí bá wo fóònù yín, àǹfààní tó ní láti ṣí i kò tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló sọ pé iye yẹn yàtọ̀ fún ìbejì, fún ọmọ ìyá tó jọra, àti fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ẹ wò ó: Yorùbá ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ìyá wa wá láti Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wa méjì, Táyé àti Kẹ́hìndé, kì í pààrọ̀ fóònù mọ́ra wọn láti fi ṣeré. Fóònù Táyé ló ń ṣí fún Kẹ́hìndé láìtọrọ àyè.

Àbúrò mi ní ọmọbìnrin ọdún méjìlá tó fi ojú jọ ọ́ bí ìmumu, ó sì ti fún un ní nọ́ńbà tó fi ń ṣí fóònù kó lè máa pe bàbá ẹ̀. Kò pẹ́ tí fóònù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fún ọmọ náà láìtẹ nọ́ńbà. Kì í ṣe idán. Tí ojú kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiyín mu ṣùgbọ́n tí kò tó, tí wọ́n sì tẹ nọ́ńbà tó tọ́ lójú ẹsẹ̀, Face ID lè ka ojú yẹn kún tiyín, torí ó rò pé ẹ̀yin lẹ yí padà díẹ̀. Ẹni tó bá fún ọmọ tó jọ ọ́ ní nọ́ńbà ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ fóònù náà ni. Ẹ pa ojú rẹ́, ẹ tún un fi sí i, kẹ́ ẹ yí nọ́ńbà padà.

Nọ́ńbà náà gan-an ló yẹ ká jókòó tì. Ojú ò rọ́pò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa iPhone tẹ́ ẹ tún tàn án, nọ́ńbà ló máa béèrè; tí ojú bá kùnà lẹ́ẹ̀márùn-ún, nọ́ńbà náà ni. Nọ́ńbà tèmi sì ni 1974, ọdún tí wọ́n bí mi. Ẹ sì mọ ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, lábẹ́ fọ́tò mi, pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ wúrà. Mẹ́fà ni mò ń lò báyìí, kò sì sí ọdún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀.

Ojú tún ní àléébù tí nọ́ńbà ò ní: ẹnì kan lè gbé fóònù síwájú yín tipátipá. Lórí iPhone tó ní Face ID, ẹ di bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ mú pẹ̀lú ọ̀kan nínú bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè sódò títí ojúewé tí wọ́n fi ń pa á á fi yọ. Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà nìkan ló lè ṣí i. Android púpọ̀ ní Lockdown, tó ń ṣe bákan náà, níbi tẹ́ ẹ ti ń pa fóònù. Ṣùgbọ́n tí olè bá yọ ìbọn, ẹ fún un ní nọ́ńbà, ẹ jọ̀ọ́.

Olè tó gbọ́n ò sì ní wá ojú yín rárá. Yóò yọ SIM, yóò kì í bọ fóònù tiẹ̀, yóò tẹ kóòdù báńkì. Ẹ fi nọ́ńbà ti SIM pa pẹ̀lú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni SIM náà, torí tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, PUK ló máa béèrè, ìyẹn nọ́ńbà mìíràn tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà.

Kàlẹ́ńdà ṣì wà lára ògiri. Ìka ni mò ń lò, fún oṣù mélòó kan ọmọ yẹn sì kàn ń wo fóònù látòkèèrè. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti fi òru rán aṣọ òkú kan tán, oorun gbé mi lọ lórí àga. Nǹkan tútù kan ló jí mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rọra di àtàǹpàkò mi mú, ó ń gbé e lọ sídìí fóònù.