Apá Ni Kò Gbéra, Ọrùn Ni Ìṣòro Wà

Ẹ̀yin ìyá tí apá ọmọ yín kan rọ̀ jọwọrọ láti ọjọ́ tí ẹ ti bí i, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé lóru, tí gbogbo ilé bá ti sùn, ẹ máa ń tan iná fóònù wo apá náà bóyá ó ti mì. Èmi náà ń ṣe é níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tutù lára mi.

Ọmọ mi tóbi, kílò 4.6 ló wọ̀n. Orí jáde, èjìká há. Àwọn tó gbẹ̀bí mi ká ẹsẹ̀ mi sókè, wọ́n tẹ ìsàlẹ̀ ikùn mi, ọmọ jáde, ó ké. Mi ò dá wọn lẹ́bi o. Bí èjìká bá há, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín ikú àti ìyè, wọ́n sì gba ẹ̀mí ọmọ mi là. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ apá fún mi títí a fi délé.

Ìgbà tí ìyá ọkọ mi ń wẹ̀ ẹ́ la rí i. Ẹ mọ bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun: wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á dì í lápá méjèèjì gbé e sókè kí ara rẹ̀ lè le. Ìyá jókòó lórí àpótí, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n bu omi sí i. Ọmọ ta gìrì. Apá òsì fò sókè. Apá ọ̀tún kò mira. Ìyá gbé apá náà sókè, wọ́n fi í sílẹ̀, ó jábọ́ bí ọ̀já tí a tú. Wọ́n tún gbé e. Ó tún jábọ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi tí mi ò tíì lè jókòó dáadáa nítorí ojú ọgbẹ́, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo fi ìka mi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó dì í mú! Ìka ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èjìká ò gbé, ìgbọ̀nwọ́ ò ká, apá náà yí sínú, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn. Mo figbe ta.

Ìyá ní, "Eegun ẹ̀ ló yẹ̀. Jẹ́ n fà á padà." Aládùúgbò kan ti ń wá nọ́ńbà teguntegun. Mo gba ọmọ mọ́ra. Mo ní, "Màámi, ẹ dákun, ẹ má fà á." Kí ẹnikẹ́ni má túmọ̀ rẹ̀ sí pé mo rí ìyá ọkọ mi fín. Bí wọ́n ṣe wẹ gbogbo ọmọ tiwọn náà nìyẹn, wọ́n sì fẹ́ràn ọmọ yìí dé ọkàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú nìyí: apá tí kò gbéra yẹn, ọrùn ni ìṣòro rẹ̀ wà. Iṣan nááfù, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lọ sí ara, márùn-ún rẹ̀ ló ti ọ̀pá ẹ̀yìn wá sí apá, mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ ọrùn, ọ̀kan láti òkè àyà. Wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n gba abíyá, wọ́n pín títí dé ìka. Bí èjìká bá há tí ọrùn sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn méjì tó wà lókè ló sábà máa ń nà jù. Àwọn ló ń gbé èjìká, tí wọ́n ń ká ìgbọ̀nwọ́. Ti ìsàlẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìka di nǹkan mú, ìdí nìyẹn tó fi di ìka mi mú. Erb ni wọ́n ń pe irú apá rírọ̀ yìí, orúkọ dókítà ará Jámánì kan tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1874.

Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ya fọ́tò eegun, ó wo bí ọmọ ṣe ń mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá la gbé wá." Wọ́n ní iṣan nááfù tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti ṣí ìpéǹpéjú, tó ń mú ọmọlójú fẹ̀, ó ń bá nááfù ìsàlẹ̀ pátápátá yẹn jáde, ó wá gba ọrùn gòkè lọ sójú. Bí ìpéǹpéjú ẹ̀gbẹ́ yẹn bá wálẹ̀ tí ọmọlójú rẹ̀ sì kéré ju èkejì lọ, ọgbẹ́ náà jinlẹ̀. Augusta Klumpke tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Paris ló ṣàlàyé èyí ní 1885, inú mi sì dùn pé obìnrin ni. Ẹ wo ojú ọmọ yín. Ti ọmọ mi dọ́gba, mo dúpẹ́.

Nítorí náà, ẹ má fà á. Ẹ má di ọparun mọ́ ọn. Kò sí eegun tí ẹ fẹ́ tò; fífà yóò tún na ohun tó ti nà lọ́rùn ni. Mo gbàdúrà o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mo gbé e lọ sí físíò, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara. Wọ́n ní ká sinmi apá náà ná, lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa rọra gbé e yípo nígbàkigbà tí mo bá ń pààrọ̀ ìlédìí, kí oríkèé má baà gan.

Ẹ ní sùúrù: nááfù tó ń hù padà, nǹkan bíi mìlímítà 1 ló ń lọ lóòjọ́, láti ọrùn dé ìgbọ̀nwọ́ sì jìn. Bó bá pé oṣù 3 tí ìgbọ̀nwọ́ ò tíì ká rárá, ẹ ní kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ nááfù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í dé ibẹ̀. Tèmi ti ń ká ìgbọ̀nwọ́ báyìí, ó ń ti ọwọ́ bọ ẹnu.

Bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ láṣọ, apá tó ń ṣàìsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń bọ́ ọ, òun ni kó kẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ fi ọwọ́ kan sí ìdí, ọ̀kan sí ẹ̀yìn orí àti ọrùn, ẹ má ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá na ọwọ́ láti gbà á: ìyá yín, ìyá ọkọ, aládùúgbò, àti àwọn tó wá kí yín ní ìsọmọlórúkọ.