Òórùn epo lára ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àárọ̀ kùtù.

Ọkọ̀ sùn mọ́jú, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ òórùn epo bẹntiróò gba gbogbo àgbàlá kan. Àárọ̀ yìí gan-an ló yẹ ká wá ìdí rẹ̀, kí oòrùn tó mú, kí atẹ́gùn tó dìde. Ooru epo, ìyẹn èéfín tí ojú ò rí tó ń jáde lára epo, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wá. Ẹni tó dúró lóòró tó ń fa imú ò lè mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ gbóòórùn níbi mẹ́rin: abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, inú ọkọ̀, búùtù, àti ẹ̀bá táyà ẹ̀yìn níhà tí wọ́n ti ń rọ epo. Ẹ rìn sẹ́yìn díẹ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì, torí òórùn tètè máa ń mọ́ imú lára.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti búùtù sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ooru epo bá ti tó ìpín 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́, ó lè gbaná, iná kékeré tó bá ta pàrà nígbà tí a bá ń tú bátìrì sì tó láti ràn án. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ kọjá ná kí ẹ tó yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù. Jẹnẹrétọ̀ tó wà nítòsí, kí wọ́n pa á. Bí epo bá ń kán sílẹ̀, ẹ má tan ọkọ̀ náà rárá, ọwọ́ ni kí ẹ fi tì í síta gbangba.

Ẹ kọ́kọ́ wo búùtù. Láti ìgbà tí ọ̀wọ́n epo ti di ohun tí a mọ́ra, kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kì í jìnnà síbẹ̀. Oòrùn a mú un wú, ooru a gba ẹnu ìdérí jáde, kápẹ́ẹ̀tì a sì mu ún. Àwọn kan á wá lọ ra ohun olóòórùn dídùn kọ́ sára díńgí. Èyí ni wọ́n ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí kò bá sí kẹ́ẹ̀gì, ìbéèrè kan ló kù tó ju gbogbo spánà lọ: ìgbà wo ló ń rùn? Bó bá ń rùn nígbà tí táǹkì kún, tí òórùn náà sì lọ nígbà tí epo dé ìdajì, orí táǹkì tàbí ọrùn rẹ̀ ló ti ń jò. Bó bá ń rùn ní kété tí ẹ pa ẹ́ńjìnnì tó gbóná, iwájú ni kí ẹ kọjú sí.

Ẹ jẹ́ ká mú Corolla 2003 sí 2008, torí ó pọ̀ láàárín wa. Ẹ fa iwájú ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ẹ ó rí ìdérí pẹlẹbẹ kan lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, páǹpù epo wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó dáadáa kí ẹ tó nu ún. Eruku ibi tó gbẹ a fẹ́lẹ́, a funfun. Eruku ibi tó ń jò a dúdú, a lẹ̀ mọ́ra bí àmọ̀, ó lè jẹ́ ìwọ̀n ìka méjì péré létí rọ́bà róbótó tó yí páǹpù náà ká. Ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ páǹpù rí nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà: wọ́n dá rọ́bà àtijọ́ padà, wọ́n fi gọ́ọ̀mù sílíkónì lẹ̀ ẹ́. Epo máa ń mú gọ́ọ̀mù yẹn wú, á sì bó kúrò. Rọ́bà tuntun ni kí ẹ rà, ẹ má fi gọ́ọ̀mù kankan sí i. Epo tí methanol (irú ọtí líle kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo) pọ̀ jù nínú rẹ̀, irú èyí tó wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rọ́bà.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára họ́ọ̀sì epo kí ẹ tó rà á. 30R7 wà fún ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, 30R9 wà fún ọkọ̀ onínọ́sù (èyí tí nọ́sù ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀), 30R10 nìkan ló lè máa gbé inú epo nínú táǹkì. Mẹkáníìkì tó bá fi họ́ọ̀sì lásán so páǹpù nínú táǹkì, láìpẹ́ họ́ọ̀sì náà máa rọ̀, ó máa bẹ́.

Ọrùn táǹkì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ti gbé Kánádà tàbí àríwá Amẹ́ríkà rí, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín. Iyọ̀ á kó sẹ́yìn ike tó bo kòtò táyà ẹ̀yìn, á sì jẹ páìpù náà díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú ò tó. Ẹ tú ike yẹn. Ẹ má gbà kí fọ́kànáísà fẹ́ atẹ́gùn sínú táǹkì láti wá ihò o! Táǹkì lè bẹ́. Ẹ̀rọ èéfín tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í lò ju nǹkan bí psi 1 lọ (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà).

Agolo èédú tó ń gba ooru epo, canister, àṣejù ló ń pa á. Nílé epo, wọ́n á mi ọkọ̀, wọ́n á tún rọ kún un lẹ́yìn tí ẹnu páǹpù ilé epo ti já, ìyẹn tó ti dá ara rẹ̀ dúró. Epo olómi á wọ inú èédú, kò sì ní lè gba ooru mọ́.

Níwájú, ẹ fi ọwọ́ yí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yí wọ́ọ́rọ́, O-ring rẹ̀, rọ́bà róbótó tó yí i ká, ti lọ́ tàbí ó ti gan. Ẹ fi géèjì wọn agbára tí páǹpù fi ń ti epo: psi 44 sí 50 ni ti Corolla yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ kéré sí 21 lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ pa á. Bó bá wálẹ̀ tí ẹ ò rí ibi tó tutù níta, ẹ fa géèjì ọ́ìlì kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń rùn bí epo, nọ́sù ló ń kán sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má wa ọkọ̀ yẹn lọ síbì kankan kí ẹ tó ṣe é, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì náà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ rọ epo títí ẹnu páǹpù fi já lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e síbi tó tẹ́jú, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́. Bí páálí bá gbẹ láàárọ̀, tí imú ò sì gbọ́ nǹkan kan lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, ẹ dá ìjókòó padà.