Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ilé ní Thamesmead, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin ará wa tó ń wá fúláàtì ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ má tíì béèrè iye yàrá. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé nínú búlọ́ọ̀kù oníkọnkéré níbí, ohun tójú mi rí ni mò ń sọ.

Orí àbàtà ni àdúgbò yìí wà. Lọ́dún 1953, omi òkun ya gba odò Thames wọlé, ó sì bo ilẹ̀ yìí. Nígbà tí GLC, ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù ayé ìgbà yẹn, wá ń kọ́lé síbẹ̀ láti 1967, wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sùn nísàlẹ̀. Gáréèjì ni wọ́n fi sísàlẹ̀ àwọn búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, wọ́n wá fi afárá so ilé mọ́lé kí èèyàn lè máa rìn lókè. Southmere àtàwọn adágún yòókù tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, omi òjò ni wọ́n ń gbà. Mo fẹ́ràn etí Southmere gan-an. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀.

Àmọ́ omi tó ń yọ wá lẹ́nu báyìí, inú ilé ló wà. Tí òtútù bá dé, ògiri kọnkéré yẹn á tutù nini. Àwa náà á máa se ẹ̀wà, a ó sá aṣọ sórí rédíétọ̀, a ó sì ti gbogbo fèrèsé pa. Ooru tó ń jáde lára ìkòkò ò ríbi gbà, ara ògiri ló máa lẹ̀ mọ́. Ògiri á kọ́kọ́ máa làágùn, tó bá yá, á máa bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá lọ wolé, ẹ ní kí wọ́n bá yín sún wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri tó kọjú síta. Ẹ fọwọ́ kan igun rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ni wọ́n kùn lọ́dà tuntun, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Ẹ tan fáànù ilé ìwẹ̀, kẹ́ ẹ fi tíṣù pélébé kan sí i lẹ́nu. Tí kò bá fà á mọ́ra, kò ṣiṣẹ́.

Bẹ́ ẹ bá sì ti ń gbébẹ̀, ẹ máa dé ìkòkò, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé kíṣìnnì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òrùlé ló ń jò, ẹ má jẹ́ kí onílé sọ pé ọbẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sè ló fà á. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún èmi náà nìyẹn. Ọmọ ọdún méjì ni Awaab Ishak nígbà tó kú ní Rochdale, ní December 2020, nítorí ògiri tó bu. Bàbá rẹ̀ sì ti ń fẹjọ́ sùn tipẹ́. Láti 27 October 2025, òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà ti mú un ní dandan fáwọn tó ni ilé káńsù àti ilé àjọ (housing association) ní England láti wá yẹ irú ògiri bẹ́ẹ̀ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Èyí tó bá jẹ́ pàjáwìrì, wákàtí 24 ni. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ẹ má fi mọ sórí fóònù. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọ́ sínú í-meèlì, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń gbé lókè yín bóyá omi ń wọ tiẹ̀ náà.