Tátúù lára, iṣẹ́ lọ́wọ́: ohun tí ojú mi ti rí

Ìgúnpá ni tátúù mi ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dé ọrùn-ọwọ́. Láti ìgbà tí mo ti fín in, iṣẹ́ tí a ti ń kojú oníbàárà ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹnu mi gba ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí tátúù wà lára ni àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ ń wò, kí wọ́n tó wo ohun tí a yà. Ti apá ṣeé fi aṣọ bò, ti ojú kò níbi tí yóò sá sí. Ẹ wo àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ti dẹ òfin wọn. Starbucks, iléeṣẹ́ tó ń ta kọfí, gba tátúù láyè lọ́dún 2014, àmọ́ wọ́n yọ ojú àti ọ̀fun sílẹ̀. Virgin Atlantic gbà á fún àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ní 2022, wọ́n ní kí ti ojú àti ọrùn ṣì dúró ná. Ọdún yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ẹyọ kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọn ò gba ti ojú. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ fi ọwọ́, ọrùn àti ojú sílẹ̀ ná. Àwọn tó ń fín tátúù gan-an, ọ̀pọ̀ wọn kì í fín in síbẹ̀ fún ẹni tí kò ní òmíràn lára.

Òfin iléeṣẹ́ àti ojú ọ̀gá kì í ṣe ọmọ ìyá. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí ìwé òfin kò ti dárúkọ tátúù rárá, síbẹ̀ tí alábòójútó máa ń ní kí n fa apá aṣọ wálẹ̀ bí oníbàárà pàtàkì bá ń bọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Kò kọ ọ́, kò sì sọ ọ́ mọ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́: "Ṣé mo lè ká apá aṣọ mi sókè níbí?" Bíbo apá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nínú ooru, iṣẹ́ mìíràn ni, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀.

Ẹ má gbójú lé ilé ẹjọ́ jù. Òfin Equality Act ti 2010 nílùú ọba Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bo ẹ̀sìn, ẹ̀yà àti ọjọ́ orí. Tátúù kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ mọ́ ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Lọ́dún 2005, ilé oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà san 150,000 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé torí pé ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà kó bo ti ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó fín òdòdó torí pé ó wù ú kò lè sọ bẹ́ẹ̀. (Òdòdó ni tèmi.)

Bí wọ́n bá sì ní ẹ lè pa á rẹ́ nígbàkígbà, ẹ rọra. Lésà, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa tátúù rẹ́, kàn ń fọ́ tàdáwà náà wẹ́wẹ́ ni. Ara fúnra rẹ̀ ló ń kó o lọ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sáàárín ìgbà kan sí òmíràn. Tàdáwà dúdú máa ń gbọ́, aláwọ̀ ewé a máa ṣagídí.

Ní ti àwọn oníbàárà, ìbéèrè wọn pọ̀ ju èébú lọ. "Ṣé ó dùn ọ́?" Mo máa ń ní, "Ó dùn mí díẹ̀," màá sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n wá rà.